Ẹ Má Ṣe Dá Mi Padà Sí Ìpè Atukọ̀

Èbúté Ìlà-Oòrùn,
Kafr Sawaqi,
Etí Odò Náìlì, Ẹ̀ka Rashid,
Íjíbítì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àmójútó Èbúté àti Ọkọ̀ Ojú Omi,
Òpópónà Ọjà Ẹja,
Kafr Sawaqi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌPÍNRỌ̀ KẸTA ÌWÉ ÌKÌLỌ̀ YÍN, KÍ WAGDI SHUKRI LÈ MÁA DÁ WỌ ỌKỌ̀ BÍI TÀTẸ̀YÌNWÁ

1. Mo kí yín, mo kí àwọn akọ̀wé yín, mo sì kí ẹni tó máa kọ́kọ́ tú lẹ́tà yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Orúkọ mi ni Sabri Abdel-Latif. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tu ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá láti Kafr Sawaqi sí òdìkejì odò, ìwé àṣẹ mi kò sì kọjá àkókò rí. Àwọn èrò ń pè mí ní Reis Sabri, ìyẹn ọ̀gá atukọ̀. Àwọn tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ lọ ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ inú lẹ́tà yìí. Tí iṣẹ́ bá gbé yín gba etí odò wa, tí ẹ bá bá èmi àti Futuh igbákejì mi nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ wá bá wa jẹun.

2. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, òṣìṣẹ́ yín kan fi ìṣó kan ìwé ìkìlọ̀ mọ́ òpó èbúté wa. Ìpínrọ̀ kìíní àti ìkejì dára. Wọ́n ní kí èrò má ṣe fò sínú ọkọ̀ kó tó dúró, kí a má sì kó ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ èèyàn. Mo fara mọ́ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ náà máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ju àwọn èrò kan lọ. Ìpínrọ̀ kẹta ló mú mi gbé bírò. Ó kà báyìí: “Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ aláìlera ọpọlọ tí ẹgbẹ́ òdìkejì odò ń tọ́jú tó gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ìdí ni pé ọ̀kan nínú wọn já sínú odò ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án.”

3. Gbólóhùn méjì péré ni, àṣìṣe mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Wagdi Shukri tí ẹ ń sọ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún ju tèmi lọ. Kò já sínú odò. Ó rìn wọ inú rẹ̀ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹni tó sì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òun. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀.

4. Ilé kẹta sí èbúté ni Wagdi àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Láti kékeré ni dókítà ti sọ pé ó ní ọ́tísíìmù. Èmi kò mọ ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀, ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ ni mo mọ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá fọn fèrè, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀; omi ló máa ń wò. Ibì kan náà ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, bẹ́ǹṣì kejì lápá òsì. Tí ẹlòmíràn bá ti jókòó síbẹ̀, á dúró níwájú ẹni náà títí ẹni náà á fi dìde fúnra rẹ̀. Kì í purọ́. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu sọ ló máa gbà, kì í wá èyí tí ẹ fi pamọ́ sínú.

5. Ní òdìkejì odò, Àǹtí Insaf, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ́tísíìmù bíi Wagdi. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù hun agbọ̀n tí àwọn olóko ń kó gúáfà sí. Wọ́n tún ń kọ́ ohun tí àwa yòókù rò pé wọ́n bí mọ́ wa: bí a ṣe ń kí èèyàn, bí a ṣe ń ra búrẹ́dì, bí a ṣe ń mọ ẹni tó fẹ́ bá wa ṣọ̀rẹ́, àti bí a ṣe ń sọ pé rárá láìjẹ́ pé a sá lọ. Ọ̀nà tí Àǹtí Insaf gbà kọ́ Wagdi láti wọ ọkọ̀ yé mi dáadáa, torí ojú mi ló ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, ó jókòó tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sún sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá jókòó ti èmi nídìí ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dúró sí èbúté ọ̀hún, ó ń wò ó bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò wá rárá. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ẹ̀rù kò bà á, ó ní: “Ẹ̀rù bà mí o, Reis. Ilé ni mo jókòó sí tí mo ń bẹ̀rù.”

6. Ìyá Wagdi kò jókòó sílé ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ dá kọjá, ó sá pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó koríko, ó rò pé n kò rí òun. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé àárín odò, ó ti jáde síta gbangba, ó ń juwọ́ bí ẹni pé Mẹ́kà ni ọmọ ń lọ. Wagdi kò bojú wẹ̀yìn. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo omi. Láti ọjọ́ náà, ó ń dá wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì ń dá wọ ti aago mẹ́ta bọ̀. Fún odidi oṣù méje, n kò dúró dè é rí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò pẹ́ rí.

7. Ní ọ̀sán, a máa ń so ọkọ̀ mọ́ òpó kan tó wà nínú omi lápá òdìkejì, bí ogún ìṣísẹ̀ sí etí odò, kí àwọn èrò má baà yọ wá lẹ́nu nídìí oúnjẹ. Wagdi náà á jókòó sí etí odò níwájú ibi iṣẹ́ wọn, òun àti búrẹ́dì rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń pariwo láti inú ọkọ̀ pé, “Wagdi, wá jẹun o!” Kò dáhùn rí, èmi náà kò sì retí pé kó dáhùn. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí gbogbo Íjíbítì fún irú ìpè bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá pe ẹnìkejì síbi tó mọ̀ pé kò lè dé, tó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó má ṣe wá, wọ́n á ní ìpè atukọ̀ ló pè é. Ọ̀rọ̀ náà ti bí mi nínú láti ìgbà tí mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti bá èèyàn jà lórí rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

8. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú, Àǹtí Insaf ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tuntun, ó sì kọ ọ́ sí káàdì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: Tí ẹni tí o mọ̀ bá pè ọ́, dá a lóhùn, kí o sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo la ẹnu bí mo ṣe máa ń ṣe. “Wagdi, wá jẹun o!” Ó dìde. Ó ní, “Mò ń bọ̀.” Ó bọ́ bàtà, ó ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Futuh ní, “Sabri, kí ni bọ̀bọ́ yìí fẹ́ ṣe?” Kí n tó dáhùn, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì méjì àti ìdì ẹ̀fọ́ gargir kan sórí, torí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kó má máa lọ bá èèyàn jẹun lọ́wọ́ òfo. Mo fò dìde, mo pariwo pé kó padà. Ó dúró sínú omi, ó rò ó, ó ní: “Ẹ ní kí n wá. Ẹ tún ní kí n padà. Èwo ni kí n ṣe?”

9. Ọ̀gá, mo sáré bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ọkọ̀. Ó sì ń bọ̀. Omi ibẹ̀ kò jìn lásìkò yẹn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àyà rẹ̀ ló mu ún dé. A nawọ́ sí i, a fà á wọlé. Ó jókòó, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ ní gbígbẹ, ó ní, “Ẹ kú oúnjẹ.” Ẹja èpìyà méjì ló wà nínú àwo, àwa méjì ló sì ni ín. Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. Oṣù méje ni mo ti ń pe arákùnrin yìí, n kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo din ẹja kẹta. Futuh wò mí, ó wo àwo, ó gé ẹja tirẹ̀ sí méjì. Wagdi jẹ ẹ́ tán, ó ní, “Ṣé ọ̀la náà?” Ẹnì kan tó ń gun alùpùpù kọjá lójú ọ̀nà ló fi fóònù yà wá ní fọ́tò nígbà tí a ń fa Wagdi wọlé. Fọ́tò yẹn ló dé ọ́fíìsì yín. Fọ́tò náà kò purọ́, ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ni kò mọ ohun tó rí.

10. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá Ìyá Wagdi láti tọrọ àforíjì. Opó ni, ìdáná nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Mo ti múra èébú sílẹ̀ kí n tó kanlẹ̀kùn. Mo ní, “Ìyá Wagdi, ẹ má bínú. Ẹnu lásán ni mo fi pè é, mi ò mọ̀ pé ó máa wá.” Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó ní: “Reis Sabri, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń retí kí ẹnì kan pe ọmọ mi wá jẹun. Ẹ wá pè é tán, ẹ ní ẹnu lásán ni?” Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní: “Ó wọlé lónìí, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin, ó ní òun lọ síbi tí wọ́n pe òun sí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ má bẹ̀ mí rárá. Ẹ tún un pè ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún jẹ́ kó gba inú omi wá, Ọlọ́run nìkan ló máa gbà yín lọ́wọ́ mi.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbé tíì fún mi, ṣúgà rẹ̀ tó ẹni mẹ́ta.

11. Lọ́jọ́ kejì, èmi, Futuh àti Àǹtí Insaf jókòó láti wá ojútùú sí i. Àǹtí Insaf bi wá: “Ẹ̀yin fúnra yín, báwo lẹ ṣe ń mọ ìpè gidi yàtọ̀ sí ìpè ẹnu?” Kò sẹ́ni tó kọ́ wa rí, a kàn mọ̀ ọ́n ni. A rò ó títí tíì fi tutù. Níkẹyìn a rí i, Àǹtí Insaf sì kọ ọ́ sí káàdì. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń kí ọ ni; sọ pé ó gba ibi ire, kí o máa lọ. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ dára. Dúpẹ́, kí o máa lọ. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sì sún lórí ìjókòó kí o lè ráyè, ó pè ọ́ lóòótọ́. Lọ bá a. Ìyá Wagdi ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀kan kún un nísàlẹ̀: INÚ OMI KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ, DÚRÓ DE ỌKỌ̀. Wagdi ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í kàn sọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn?” Futuh ní, “Ìbéèrè gidi nìyẹn.”

12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè fi bírò sọ lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a jọ fi àdéhùn sí, mo ń din ẹja mẹ́ta, mo ń gbé ọkọ̀ wá sí èbúté, mo ń pe Wagdi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ń sún, ó ń wọlé ní gbígbẹ. Gbogbo èbúté ló mọ òfin náà báyìí. Tí ẹnì kan bá ń jẹun tó sì pe Wagdi, á dúró, á gbé káàdì jáde, á béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?” Àwọn kan á ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Kì í bínú sí wọn, á ní ó gba ibi ire, á kọjá. Àwọn mìíràn á ti la ẹnu láti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń ṣọ́ ẹnu wa. Tí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí ẹ bá wa jẹun.

13. N kò lè fi Futuh sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, etí rẹ̀ kan ti di, ìyàwó rẹ̀ sì kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ lóòjọ́, ẹ́ńjìnnì ló sì máa ń sọ mẹ́jọ nínú rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Wagdi á jókòó ti ara wọn, àwọn méjèèjì á máa wo omi fún ìdajì wákàtí láìsọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ó ní: “A ò sọ nǹkan kan, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹ ní ẹ ó tún padà wá. Ta ló padà wá? Eléyìí ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, mo rí i.” Èmi náà wà lára àwọn tí kò padà lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni Àǹtí Insaf ń kọ́ bí a ṣe ń báni ṣọ̀rẹ́.

14. Àárín ìgbádùn yìí ni ìwé yín dé. Wagdi ló kọ́kọ́ rí i lára òpó, ó sì kà á sókè fún gbogbo èrò. Nígbà tó kà á tán, ó ní: “Wọ́n kọ ọ́ sókè ìwé pé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ ìwé yìí. Ọjọ́ Ajé kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo jẹ ẹja lọ́jọ́ náà.” Òótọ́ ló sọ, ẹ wo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ó tún wá ní: “Ta ni aláìlera ọpọlọ?” Gbogbo èrò ń wo bàtà ara wọn. Futuh ní, “Ẹni tó kọ ọ́ ni.” Mo bá Futuh tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, àgbà ti dé sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbẹ̀ dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ó sì tún ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

15. Mo pa àṣẹ yín mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, n kò gbé Wagdi. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti máa ń wà nídìí ìkòkò nílé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì sí òbí mìíràn tó máa dì í lọ́wọ́ mú. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ló pé lónìí, tí a bá yọ ọjọ́ Jímọ̀ méjì tí a kì í ṣiṣẹ́ kúrò. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń dé ní aago mẹ́jọ ku ogún pẹ̀lú búrẹ́dì méjì, ó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó títí ọkọ̀ á fi lọ, á sì padà sílé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkùnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ṣàánú rẹ̀, ó ní kó wá, òun á dì í lọ́wọ́ mú, òun á ní òun ni bàbá rẹ̀. Wagdi ní, “Bàbá mi ti kú. Ẹ̀yin lẹ ń ta àlùbọ́sà.” Àǹtí Insaf ti sọ fún mi pé òun lè di àyè rẹ̀ nídìí agbọ̀n mú títí di ìparí oṣù yìí nìkan. Gúáfà ti ń pọ́n, àwọn olóko ń béèrè agbọ̀n, tí oṣù bá sì parí, ẹlòmíràn ló máa jókòó síbẹ̀. Wagdi mọ èyí. Ó ń fi ìka ka ọjọ́ tó kù.

16. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ lẹ́yìn àṣẹ náà, mo din ẹja mẹ́ta, torí ó ti mọ́ mi lára. Ìkẹta tutù sínú àwo, èmi àti Futuh kò lè jẹ ẹ́. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, a sọ̀ kalẹ̀, a lọ bá Wagdi jẹun létí odò lápá ilé. Ó jẹun, ó dúpẹ́, ó ní: “Ó dùn. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ lẹ pè mí sí.”

17. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn lẹ fẹ́ dáàbò bò. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, n kò sì fi odò ṣeré. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ fagi lé ìpínrọ̀ kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá ti parí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Àǹtí Insaf fi ń kọ́ni máa dá wọ ọkọ̀ bí gbogbo èrò. Kí Wagdi wọ ẹ̀wù tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó. Èmi àti Futuh náà á máa wọ̀ ọ́, kó má baà jẹ́ òun nìkan ni wọ́n á máa wò. Ẹ bá wa pa ọ̀rọ̀ burúkú yẹn rẹ́ kúrò lára òpó, àwọn tí ẹ pè bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà. Tí ẹ bá sì ní ìṣó àti òṣìṣẹ́ tó kù, irin ìdìmú èbúté òdìkejì ti ṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lẹnì kan máa ti já sínú odò lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ èmi.

18. Etí odò ni mo ti ń kọ ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn yìí. Wagdi dúró lẹ́yìn mi, ó ti ka gbogbo ohun tí mo kọ, ó sì ti tún sípẹ́lì mẹ́rin ṣe. Mo bi í bóyá ó rò pé Ọ̀gá máa dá wa lóhùn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà, ó ń fi ìka tọ́ka sí i. Ó ní: “Ẹ pè wọ́n ní ìpínrọ̀ kìíní. Ẹ pè wọ́n ní ìpínrọ̀ kejìlá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré nìyẹn. Wọ́n máa dúpẹ́, wọn ò ní wá.”

19. Nítorí náà, Ọ̀gá, ẹ wá jẹun. Ìkẹta nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, aago kan ọ̀sán, inú ọkọ̀. Ẹja mẹ́rin ni mo máa din. A ti sún, àyè yín wà láàárín Futuh àti ibi tí Wagdi máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá láìmú ìwé tó fagi lé ìpínrọ̀ kẹta dání, ẹ ò ní bá Wagdi níbẹ̀. Á dúró sí etí odò pẹ̀lú búrẹ́dì méjì, èmi á sì wà nínú ọkọ̀, n ó máa pe ẹni tí mo mọ̀ pé kò lè wá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi pe irú ìpè yẹn, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá mi padà sí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tí mo ń retí yín,

Sabri Abdel-Latif,
Ọ̀gá Atukọ̀, Èbúté Ìlà-Oòrùn.

Ẹlẹ́rìí: Wagdi Shukri, ahunagbọ̀n.